Láti Òdo dé Mẹ́wàá

Ìjọba ló rán mi, ìwé ìbéèrè ló wà nínú àpò mi.
Mo gba àárín aṣálẹ̀ Atakáma kọjá
lọ́dún tí òjò ṣèèṣì rọ̀ síbẹ̀.
Iyanrìn tí kì í fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan
ti bọ́ síta, ó wọ pupa, ó wọ funfun,
ó wọ àlùkò tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀-Wanáko.
Àwọn ará Santiágo ń sáré kiri
bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ nílé-ìwé,
wọ́n ń dojú bolẹ̀ ya fọ́tò òdòdó,
wọ́n ń tẹ èyí tó wà lẹ́yìn wọn pa.

Eduvína kò bojú wo ìta.
Ewúrẹ́ ló ń fún wàrà rẹ̀.
Mo kí i, mo jókòó sórí garawa tó dojú dé,
mo ka ìbéèrè kẹtàdínlógún sókè:
"Láti òdo dé mẹ́wàá, ìyá,
báwo ni inú yín ṣe dùn tó?"

Ó ní, "Inú ta ni?
Inú èmi tí orúnkún kò jẹ́ kí n sùn lóru àná?
Àbí inú èmi tí Tordíya bí ìbejì fún láàárọ̀?
Àbí ti ọmọbìnrin ọdún mọ́kàndínlógún
tí Belarmíno gbé sẹ́yìn kẹ̀kẹ́
lọ́dún tí òdòdó yọ kí ìwọ tó dáyé?
Inú ìyẹn ṣì ń dùn o.
Kò tíì mọ̀ pé ọkùnrin náà ti kú."

Mo ní fọ́ọ̀mù ò gba ẹni mẹ́ta.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n kọ mẹ́rin.
"Mẹ́rin? Pẹ̀lú gbogbo ẹwà yìí?"
"Nítorí ẹwà yìí ni.
Láti ìgbà tó ti yọ ni oorun ti dá lójú mi.
Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, àyà mi a já;
bí ewúrẹ́ bá yà síbẹ̀, màá lé e bí ẹni ń lé olè.
Ẹni tí kò ní, oorun ni tirẹ̀;
ẹni tó rí nǹkan he ní í ṣọ́ ilẹ̀kùn."

Oṣù kejì, mo padà lọ.
(Wọ́n ní ká bi ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì
kí ìṣirò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀.)
Ilẹ̀ ti padà sínú awọ rẹ̀ àtijọ́,
ó gbẹ, bíi pé kò rí àlejò rí.
Ike omi tí wọ́n mu kù ló ń yí gbirigbiri.
Nínú ìbejì Tordíya, ọ̀kan ti kú.
Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú lẹ́nu
nígbà tó ní, "Kọ méje."

Mo wò ó. Mo rò pé ọjọ́ orí ló ń bá a jà.
Ó bọ́ bàtà, ó ki ìka ẹsẹ̀ bọ iyanrìn:
"Ohun tí mo ń bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀ tán.
Wọ́n wà níbí, wọn ò sùn, wọn ò jí,
wọ́n lè dúró de òjò fún ogún ọdún.
Èmi ò lè dúró fún ogún ọdún.
Ìyẹn ò ní kí wọ́n má dúró."

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń tètè gbà.
Mo fẹ́ sọ fún un pé ayọ̀ abẹ́ ilẹ̀
kò yàtọ̀ sí owó tí a rì mọ́lẹ̀, tí a gbàgbé ojú ibẹ̀.
Mo fẹ́ bi í pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀,
ta ló sunkún ọmọ ewúrẹ́ yẹn tí ojú rẹ̀ fi pọ́n?
Ṣùgbọ́n ó ti gé wàràkàṣì lé mi lọ́wọ́, iyọ̀ rẹ̀ ṣe rẹ́gí,
ẹnu tó ń jẹun kì í jiyàn.

Ní ọ́fíìsì, wọ́n da mẹ́rin pọ̀ mọ́ méje,
wọ́n pín in sí méjì: márùn-ún àti ààbọ̀.
Wọ́n ní ìyá náà wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì.
Kò sí ọjọ́ kan láyé obìnrin yẹn
tó jẹ́ márùn-ún àti ààbọ̀.

Ó fún mi ní iyanrìn, ẹ̀kún páálí ìṣáná kan.
Ó wà lójú fèrèsé mi, ní àjà kẹsàn-án,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife omi.
Ọdún kẹta rèé.
Lálẹ́ ọjọ́ mìíràn, màá gbé ife náà sókè,
màá tún gbé e kalẹ̀.